Díìṣì kan ò lè dá gbọ́ ọ̀run: Bí àwọn ibùdó awò onírédíò ṣe ń fi ohùn ṣọ̀kan, àti ibi tí Nàìjíríà dúró sí

Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ, ọdún 2017, Ààrẹ Ghana, Nana Akufo-Addo, ṣí ibùdó kan ní Kuntunse, lẹ́bàá ìlú Accra. Díìṣì ńlá kan ló wà níbẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mítà 32. Wọn ò fi wo tẹlifíṣàn, wọn ò sì fi pe fóònù mọ́. Ìgbì rédíò tó ń ti ọ̀dọ̀ ìràwọ̀ wá ni wọ́n ń fi gbọ́. Òun ni àkọ́kọ́ nínú àwọn díìṣì àtijọ́ tí wọ́n fẹ́ tún ṣe káàkiri Áfíríkà fún nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí wọ́n ń pè ní African VLBI Network.

Díìṣì yẹn tóbi lóòótọ́, àmọ́ títóbi rẹ̀ kọ́ ló le jù nínú iṣẹ́ náà. Ohun tó le ni bí díìṣì tó wà ní Ghana, èyí tó wà ní South Africa àtàwọn tó wà ní Yúróòpù ṣe máa gbọ́ ohun kan náà ní àsìkò kan náà, kí àkọsílẹ̀ gbogbo wọn sì bára mu. Iṣẹ́ àwọn ẹnjiníà àti àwọn tó ń ṣọ́ ìwọ̀n ẹ̀rọ nìyẹn, a kì í sì í sábà gbọ́ nípa wọn. Ọ̀rọ̀ náà kan ará Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́, Ìdó àti gbogbo àríwá Èkìtì ju bí èèyàn ṣe lè rò lọ, torí ó dé orí ilẹ̀ tí wọ́n ń wọ̀n àti iṣẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ lè ṣe. Àlàyé rẹ̀ rèé.

Kí ni awò onírédíò?

Rédíò inú ilé máa ń gba ìgbì tí ilé iṣẹ́ rédíò jù sáfẹ́fẹ́. Oòrùn, àwọn ìràwọ̀ kan, àti gáàsì tó wà láàárín àwọn ìràwọ̀ náà máa ń ju ìgbì rédíò jáde, láìsí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Karl Jansky, ẹnjiníà ọmọ Amẹ́ríkà, ló kọ́kọ́ ṣàwárí rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930. Kì í ṣe ìràwọ̀ ló ń wá. Ohun tó ń fa ariwo sórí tẹlifóònù tó ń fi rédíò kọjá òkun ló ń wá, ló bá rí i pé apá kan ariwo náà ń ti ọ̀run wá.

Ìgbì yìí kò lágbára rárá. Àwọn onímọ̀ máa ń sọ pé bí wọ́n bá gbé fóònù alágbèéká kan ṣoṣo sórí òṣùpá, yóò wà lára àwọn ohun tó máa pariwo jù létí awò onírédíò. Ìdí nìyẹn tí díìṣì fi ní láti tóbi, kí ó lè kó ìgbì tó pọ̀ jọ, tí ibùdó rẹ̀ sì fi gbọ́dọ̀ wà níbi tó dákẹ́.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń so wọ́n pọ̀?

Bí díìṣì bá tilẹ̀ tóbi, ojú rẹ̀ kò mú tó bẹ́ẹ̀. Díìṣì mítà 32 tó wà ní Kuntunse, lórí ìgbì bíi 6,700 MHz, máa ń wo ibi tó fẹ̀ tó ìdá kan nínú márùn-ún òṣùpá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ohun tó bá wà nínú ibi yẹn, kò lè ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì.

Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i ni pé kí díìṣì méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n jìnnà síra, wo ibì kan náà pọ̀. Kọ̀ǹpútà ńlá kan á wá da àkọsílẹ̀ wọn pọ̀. Bí díìṣì méjì bá fi 4,000 kìlómítà jìnnà síra, ojú wọn á mú bíi ti díìṣì kan tó fẹ̀ tó 4,000 kìlómítà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbì tí wọ́n kó jọ kò tó ti díìṣì bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà yìí ni wọ́n ń pè ní VLBI. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti Yúróòpù, EVN, bẹ̀rẹ̀ ní 1980, Dwingeloo ní orílẹ̀-èdè Netherlands sì ni kọ̀ǹpútà tó ń da àkọsílẹ̀ wọn pọ̀ wà, ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní JIVE.

Ẹni tó bá ń gbọ́ ìròyìn àpapọ̀ Radio Nigeria ní aago méje àárọ̀ lè fi wé èyí. Gbogbo ibùdó ló gbọ́dọ̀ darapọ̀ lásìkò. Bí ọ̀kan bá pẹ́ ìṣẹ́jú méjì, àwọn olùgbọ́ rẹ̀ ò ní gbọ́ àkọ́lé ìròyìn. Ti àwọn awò yìí wá le jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, torí kì í ṣe ìṣẹ́jú ni wọ́n ń ṣọ́.

Bí Kuntunse ṣe di awò

Ọdún 1981 ni wọ́n gbé díìṣì Kuntunse kalẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ nígbà náà ni láti bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀, kí ará Ghana lè pe ẹni tó wà lókè òkun. Irú díìṣì bẹ́ẹ̀ pọ̀ ní Áfíríkà láyé ìgbà náà. Nígbà tí wáyà fáìbà SAT-3 gba abẹ́ òkun dé Accra, Cotonou àti Èkó ní nǹkan bíi 2002, ìpè tẹlifóònù bẹ̀rẹ̀ sí gba ibẹ̀, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn díìṣì ńlá.

South Africa àti Ghana wá pinnu pé díìṣì tó ti pa tì yìí ṣì wúlò. Kíkọ́ tuntun tó fẹ̀ tó mítà 32 wọ́n gan-an, àmọ́ irin rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìmọ̀ sánmà ti Ghana, GSSTI, tó wà lábẹ́ àjọ átọ́míìkì orílẹ̀-èdè náà, ló ń bójú tó o, tòun tàwọn ẹnjiníà South Africa. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe sí i. Díìṣì tó jẹ́ pé sátẹ́láìtì kan ló ń kọjú sí ní láti kọ́ bí a ṣe ń yípo káàkiri sánmà, kí ó sì máa tọ ìràwọ̀ lẹ́yìn bí ayé ṣe ń yí. Wọ́n tún gbé ẹ̀rọ agbà-ìgbì tuntun sí i.

Ní 2017 kan náà ni wọ́n kéde pé ó ti gbọ́ ìgbì láti ara gáàsì methanol, èyí tó máa ń wà níbi tí ìràwọ̀ ńlá ti ń bẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀, pé ó ti gbọ́ pulsar, ìyẹn ìràwọ̀ kíkú tó ń yí bí òkòtó, àti pé wọ́n ti dán an wò pẹ̀lú àwọn awò mìíràn ní ọ̀nà VLBI.

Ibi tí Ghana wà ló jẹ́ kí ó níye lórí. Àwọn díìṣì pọ̀ ní Yúróòpù, ọ̀kan sì wà ní Hartebeesthoek, South Africa, ṣùgbọ́n àárín méjèèjì ṣófo. Ó lé ní 4,000 kìlómítà láti Kuntunse sí Hartebeesthoek. Bí òfìfo bá wà láàárín nẹ́tíwọ́ọ̀kì, àwòrán tó ń jáde á máa ní ojú ihò. Ghana sì sún mọ́ ìlà tó pín ayé sí méjì, nítorí náà ó ń rí sánmà àríwá àti ti gúúsù.

Ta ló ń ṣe kí ni?

Kí wọ́n tó wo ohunkóhun, ètò kan máa ń jáde. Fáìlì kan náà ni gbogbo ibùdó ń gbà. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni ìràwọ̀ tí wọ́n máa wò, ìgbì tí wọ́n máa gbọ́, àti ìṣẹ́jú àáyá tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ àti èyí tí wọ́n máa dúró. Kọ̀ǹpútà ibùdó kọ̀ọ̀kan á ka fáìlì náà, á sì darí díìṣì rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni aago. Ibùdó VLBI máa ń ní aago tí wọ́n ń pè ní hydrogen maser. Aago ọwọ́ ò lè bá a dúró. Ìdí rẹ̀ rọrùn: nínú ìdá kan nínú bílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá, ìmọ́lẹ̀ àti ìgbì rédíò máa ń rin nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 30, ìyẹn gígùn rúlà ọmọ iléèwé. Ìgbì tí Kuntunse ń gbọ́ lórí 6,700 MHz, sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin àbọ̀ ni gígùn ọ̀kan. Bí aago bá wá yẹ̀ díẹ̀ lójijì, ìgbì ibùdó kan kò ní bá ti èkejì mu mọ́. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fi aago náà wé ti GPS, wọ́n sì ń kọ ìyàtọ̀ rẹ̀ sílẹ̀.

Kí iṣẹ́ gidi tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á dán nẹ́tíwọ́ọ̀kì wò. Gbogbo díìṣì á kọjú sí ohun kan tó ń tàn dáadáa lọ́run tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n á fi díẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí kọ̀ǹpútà wò ó kíá. Bí ibùdó kan kò bá hàn níbẹ̀, wọ́n á pe àwọn tó wà níbẹ̀ pé kí wọ́n yẹ ẹ̀rọ wọn wò. Ó lè jẹ́ wáyà kan ni wọ́n gbé sí ojú ihò tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó sàn kí wọ́n mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ náà ju kí wọ́n mọ̀ ọ́n lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ á máa kọ ohun gbogbo sílẹ̀: òjò rọ̀, afẹ́fẹ́ le débi pé díìṣì dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, iná lọ, iná dé. Àwọn aṣojú ibùdó tó wà nínú EVN tún ní ẹgbẹ́ kan tó ń ṣèpàdé lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ àti iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wo ibùdó tó ṣe dáadáa àti èyí tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ ń jo.

Kóńgò ọjà àti kóńgò ọ̀run

Ẹni tó bá ń ra gààrí lọ́jà mọ̀ pé kóńgò yàtọ̀ sí kóńgò. Òmíràn wà tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú. Bí èèyàn márùn-ún bá mú kóńgò márùn-ún wá, ọ̀nà kan ṣoṣo tí wọ́n lè gbà mọ òótọ́ ni kí wọ́n fi gbogbo rẹ̀ wọn ohun kan náà tí gbogbo wọn mọ iye rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni yíyẹ ìwọ̀n awò wò. Díìṣì kọ̀ọ̀kan ló ní bó ṣe tóbi tó, bí ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe gbóná tó, àti ariwo tirẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ ju ariwo kékeré kan tí wọ́n mọ ìwọ̀n rẹ̀ sínú ẹ̀rọ agbà-ìgbì, kí wọ́n lè fi mọ èyí tó jẹ́ ti ẹ̀rọ àti èyí tó ti ọ̀run wá. Lẹ́yìn náà, wọ́n á kọjú díìṣì sí ohun tí gbogbo ayé ti wọ̀n tẹ́lẹ̀, irú bíi Cassiopeia A, tó jẹ́ àjókù ìràwọ̀ tó bú gbàmù, tàbí 3C 286.

Díìṣì alára tún máa ń yí ìrísí padà. Irin tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ máa ń tẹ̀ díẹ̀ nígbà tí wọ́n bá dà á ní ẹ̀gbẹ́, kì í gbọ́ràn bákan náà nígbà tó bá kọjú sókè gangan àti nígbà tó bá wolẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ wọn ìyàtọ̀ yìí, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ pẹ̀lú àkọsílẹ̀. Bí ibùdó kan kò bá fi ránṣẹ́, ìgbì tó gbà lè dára, síbẹ̀ àwòrán tó máa jáde á ní irọ́ nínú.

Ojú ọjọ́ náà ń dá sí i. Omi tó wà nínú afẹ́fẹ́ máa ń fa ìgbì sẹ́yìn díẹ̀, nítorí náà ìgbà òjò àti ìgbà ọyẹ́ kì í ṣe ọgbọọgba. Ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ìṣòro mìíràn tún wà. Ìpele kan wà lókè afẹ́fẹ́ tó kún fún àwọn ohun kéékèèké tó gbé iná mànàmáná dání, ionosphere ni wọ́n ń pè é. Ìlà tó pín agbára òòfà ayé sí méjì gba àríwá Nàìjíríà kọjá, torí náà ìpele yìí máa ń dààmú níhìn-ín lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀. Ó ń da GPS rú, ó sì ń da awò rú lórí àwọn ìgbì kan. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé díìṣì á wo ohun tí wọ́n ń wá fún ìṣẹ́jú díẹ̀, á yíjú sí ohun tí wọ́n ti mọ̀ nítòsí rẹ̀, á tún padà. Bí èyí tí wọ́n mọ̀ bá yẹ̀, wọ́n á mọ iye tí èyí tí wọn ò mọ̀ yẹ̀.

Roger Jennison, ní Jodrell Bank ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tún ṣàlàyé ọgbọ́n kan ní 1958. Bí díìṣì bá pé mẹ́ta, a lè ro èsì wọn pọ̀ yípo débi pé àṣìṣe àkókò tó jẹ́ ti ibùdó kọ̀ọ̀kan á pa ara rẹ̀ rẹ́. Ẹlẹ́rìí méjì lè takora, kí a má mọ ẹni tó purọ́. Ẹ̀kẹta ló ń là á. Ìdí nìyẹn tí ibùdó kan péré tó bá wọlé fi máa ń ṣàǹfààní fún gbogbo àwọn tó kù.

Nígbà tí ibùdó kan bá dákẹ́

NASA ló kọ́ díìṣì mítà 26 tó wà ní Hartebeesthoek ní 1961 láti bá ọkọ̀ òfuurufú tó lọ sọ́nà jíjìn sọ̀rọ̀. Ní oṣù Kẹwàá 2008, bíárìn kan tó ń gbé e yí bàjẹ́. Díìṣì náà kò lè yí mọ́. Ó tó 2010 kó tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Gbogbo àsìkò yẹn, kì í ṣe South Africa nìkan ló pàdánù. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń lò ó pàdánù ibùdó tó jìnnà jù sí gúúsù, èyí tó ń jẹ́ kí ojú wọn mú.

Èkejì ni ti àwòrán ihò dúdú inú M87, tí wọ́n fi han ayé ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin, 2019. Awò mẹ́jọ tó wà ní ibi mẹ́fà ló ṣe iṣẹ́ náà ní oṣù Kẹrin 2017. Àkọsílẹ̀ wọn pọ̀ débi pé kò ṣeé fi ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Inú ọkọ̀ òfuurufú ni wọ́n kó àwọn hard disk sí, lọ sí Amẹ́ríkà àti Jámánì. Ti awò tó wà ní òpin ayé níhà gúúsù kò lè jáde torí òtútù, ìparí ọdún 2017 ló tó dé. Gbogbo àwọn yòókù ń dúró dè é.

Ariwo tí èèyàn ń pa

Lágbàáyé, wọ́n ti fi ààyè láti 1,400 sí 1,427 MHz sílẹ̀, wọn ò gbà kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ níbẹ̀, torí ibẹ̀ ni gáàsì haidirójìn ti ń dún, ní 1,420 MHz. Ààyè tó kù, àjọpín ni. Òpó fóònù, Wi-Fi, ẹ̀rọ ìjó-irin àti jẹnẹrétọ̀ tí kò dára lè bo ìgbì ìràwọ̀ mọ́lẹ̀. South Africa ṣe òfin ní 2007 láti dáàbò bo agbègbè Karoo. Ibẹ̀ ni MeerKAT wà, díìṣì 64 tí wọ́n ṣí ní oṣù Keje 2018, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti ń kọ́ apá kan SKA. Kò sí ibùdó tó lè fi ìwọ̀n tó dára borí ariwo tó pọ̀ jù.

Nàìjíríà ńkọ́?

Orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ló bá South Africa dòwò pọ̀ lórí SKA àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì Áfíríkà yìí: Botswana, Ghana, Kenya, Madagascar, Mauritius, Mozambique, Namibia àti Zambia. Nàìjíríà kò sí níbẹ̀. Síbẹ̀, ó ní díìṣì tirẹ̀ láyé ìgbà tí Ghana ní tiẹ̀. Lánlátẹ̀, ní Ìbàràpá, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ni wọ́n gbé ibùdó sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ sí ní 1971 fún tẹlifóònù òkè òkun. Ọ̀nà tí Kuntunse tọ̀ fi hàn pé irú ibùdó bẹ́ẹ̀ kì í kú tán bí wọ́n bá tètè tọ́jú irin rẹ̀ àti ilẹ̀ tó wà.

Ìmọ̀ náà kò sì ṣàìsí. NASRDA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òfuurufú ní Nàìjíríà, ní ibùdó ẹ̀kọ́ ìmọ̀ sánmà ní Nsukka. Ní 2013, Abuja ni wọ́n ti ṣe ilé ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ díẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ ìràwọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ní àríwá Èkìtì, Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀yẹ́, FUOYE, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2011, ní ọgbà sí Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé. Akẹ́kọ̀ọ́ físíìsì tàbí ẹnjiníà tó bá kọ́ bí a ṣe ń ṣọ́ aago, bí a ṣe ń wọn ariwo ẹ̀rọ àti bí a ṣe ń kọ àkọsílẹ̀ tó ṣeé gbọ́kàn lé, ìmọ̀ yẹn wúlò ní ilé iṣẹ́ fóònù, ní ilé iṣẹ́ rédíò, àti lẹ́nu ẹ̀rọ ìyàwòrán inú ara ní ilé ìwòsàn ìkẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní Ìdó.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà wà níbẹ̀. Àwọn sọ̀fíò ti ń lo ẹ̀rọ sátẹ́láìtì láti fi ààlà sí ilẹ̀. Kí ẹ̀rọ yẹn tó lè sọ ibi tí èèyàn dúró sí, ó gbọ́dọ̀ mọ bí ayé ṣe ń yí gan-an, àwọn awò VLBI tó ń wo ohun ọ̀run tó jìnnà réré ló sì ń wọn ìyẹn. Hartebeesthoek wà lára wọn. Nítorí náà, nígbà tí sọ̀fíò bá ri òpó sí ẹ̀gbẹ́ oko ní Ayédé tàbí Ìtápà, iṣẹ́ ẹni tó ń ṣọ́ aago ní ibùdó tó jìnnà ti wọ̀ ọ́.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kò nílò mítà 32. Wọ́n máa ń fi pákó àti bébà aluminiọ̀mù ṣe gbohùngbohùn onígun, kí wọ́n so ó mọ́ ẹ̀rọ agbà-ìgbì kékeré tó ń lọ sára kọ̀ǹpútà, kí wọ́n sì gbọ́ haidirójìn inú ìṣùpọ̀ ìràwọ̀ tí ayé wà nínú rẹ̀. Bí iléèwé kan bá ṣe é ní Ìkọ̀lé, tí òmíràn ṣe é ní Ìdó, tí àwọn méjèèjì sì fi ohun kan náà yẹ ìwọ̀n wọn wò, tí wọ́n kọ aago àti ojú ọjọ́ sílẹ̀, wọ́n á lè fi àkọsílẹ̀ wọn wéra. Àwọn ẹ̀rọ kékeré bẹ́ẹ̀ kò tíì di VLBI. Ṣùgbọ́n ìwà tí VLBI ń béèrè ni wọ́n ti ń kọ́ yẹn: kí ibùdó kọ̀ọ̀kan sọ òótọ́ nípa ẹ̀rọ tirẹ̀, kí àwọn tó kù lè gbà á gbọ́.